Ta Ni Àìná Tó Gba Fọ́tò Ọkọ Mi?

Ṣọ́ọ̀bù Níyì lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì Ìkàrẹ́ kò gbà ju èèyàn méjì lọ, ṣùgbọ́n pátákó iwájú rẹ̀ fẹ̀ ju ṣọ́ọ̀bù náà lọ: ẸNJINÍÀ NÍYÌ, Ọ̀GÁ FÓÒNÙ, ÀKÙNGBÁ LÓ TI KÀWÉ. Màmá Raheem, opó tó ń ta iṣu ní Ìwàrò-Ọ̀kà, wọlé tòun ti báàgì lápá àti fóònù lọ́wọ́. Kò kí ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá sì mọ obìnrin náà á ti mọ̀ pé ọ̀ràn dé.

NÍYÌ: Ẹ káàárọ̀ mà, Màmá Raheem. Fóònù yín ti ń sáré bí eku báyìí, àbí?

MÀMÁ RAHEEM: Níyì, ọkọ mi dà?

NÍYÌ: Mà?

MÀMÁ RAHEEM: Bàbá Raheem. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé fóònù yìí fún ọ pé ó ti kún, kò gba nǹkan mọ́. O ní wàá tún un ṣe. Ọkọ mi wà nínú ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

NÍYÌ: Ẹ̀n-ẹ́n, fọ́tò wọn lẹ ń sọ. Kò séwu. Mo ti síńkì ẹ̀.

MÀMÁ RAHEEM: O ti ṣe kí ni?

NÍYÌ: Mo ti síńkì ẹ̀.

MÀMÁ RAHEEM: O sìnkú ẹ̀? Níyì, Epinmi la sìnkú Bàbá Raheem sí, ọdún kẹta rèé. Màlúù la pa. Ta ló rán ọ pé kó o tún un sin?

NÍYÌ: Síńkì, mà. Ìyẹn ni pé fọ́tò tó wà nínú fóònù yín, òun náà ló máa wà nínú kọ̀ǹpútà, òun náà ló máa wà lọ́wọ́ Raheem ní Ìbàdàn. Gbogbo wọn á jọ máa rí i.

MÀMÁ RAHEEM: Gbogbo wọn ń rí i, èmi nìkan ni mi ò rí i.

NÍYÌ: Torí pé ó wà ní kíláòdù.

MÀMÁ RAHEEM: Kí la ó du?

NÍYÌ: Kíláòdù.

MÀMÁ RAHEEM: Oyè ni àbí ilẹ̀? Mi ò bá ẹnikẹ́ni du nǹkan kan. Fọ́tò ọkọ mi ni mo wá gbà.

Níyì mí kanlẹ̀. Ó na ìka sí páànù tó bo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

NÍYÌ: Àwọsánmà ni ìtumọ̀ ẹ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ọkọ yín wà lókè.

MÀMÁ RAHEEM: Mo ti mọ ìyẹn láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

NÍYÌ: Fọ́tò wọn ni mo ń sọ, mà. Kò lè sọnù níbẹ̀, kò lè jóná. Tí nẹ́tíwọọkì bá ti wà, á sọ̀ kalẹ̀ wá bá yín.

MÀMÁ RAHEEM: Jókòó kí n sọ bó ṣe sọ̀ fún ọ. Lánàá, mo lọ sí abà ìyá ọkọ mi lẹ́yìn Epinmi. Ọdún mẹ́rin ni Yèyé ò fi ríran, wọ́n wá ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún wọn. Àná la tú báńdéèjì. Yèyé ní ojú tí àwọn fẹ́ kọ́kọ́ rí ni ojú ọmọ àwọn, níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà mọ Bàbá Raheem. Nínú gbogbo fọ́tò tó kù, ńṣe ló ń wo kámẹ́rà bí ẹni tó fẹ́ bá a jà. Ẹyọ kan yìí ló ti rẹ́rìn-ín. Mo gbé fóònù sójú Yèyé, mo tẹ̀ ẹ́. Kí lo rò pé wọ́n rí?

NÍYÌ (*ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀*): Nǹkan róbótó kan, tó ń yí.

MÀMÁ RAHEEM: Nǹkan róbótó tó ń yí. Yèyé wò ó títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí ló ń lé ọ?" Nígbà tí kò dúró, wọ́n bú sẹ́kún, wọ́n ní dókítà ti ba ojú àwọn jẹ́ pátápátá. Wọ́n ti dijú báyìí, wọ́n ní àwọn ò là á mọ́ láyé. Ọkọ̀ Epinmi ń gbéra láago méjìlá. Tí mi ò bá mú ẹ̀rín yẹn dání, ojú wo ni mo fẹ́ fi wọlé tọ̀ wọ́n?

Aago ara ògiri ti lé díẹ̀ ní mọ́kànlá.

MÀMÁ RAHEEM: Tẹ̀ ẹ́ sórí pépà fún mi, kí n máa lọ.

NÍYÌ: Fọ́tò orí pépà? Ayé ti kọjá ibẹ̀, mà. (*Ó wúkọ́.*) Mi ò sì ní ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbọ́, àṣìṣe kékeré ló wà níbẹ̀. Mi ò kàn fi sí ọ́fúláìnì ni.

MÀMÁ RAHEEM (*ó dìde*): Ó fún ta ni?

NÍYÌ: Ọ́fúláìnì.

MÀMÁ RAHEEM: Ó fún Àìná. (*Ó tún jókòó.*) Ta ni Àìná?

NÍYÌ: Kò sí Àìná kankan, mà.

MÀMÁ RAHEEM: O ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ará ibo ni? Ìpè ni àbí Àkùngbá?

NÍYÌ: Ọ́-fú-láì-nì. Nǹkan tó bá wà ní ọ́fúláìnì ò nílò nẹ́tíwọọkì, kò nílò dátà. Inú igbó ni o, orí àpáta ni o, ẹ tẹ̀ ẹ́, á jáde.

MÀMÁ RAHEEM: Àìná wá ń rí ọkọ mi nínú igbó láìra dátà, èmi tí mo bá a gbé fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ń wo róbótó. Olè ni. Olè ọ̀sán gangan. Kó dá ẹ̀rín ọkọ mi padà.

NÍYÌ: Màmá Raheem, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra.

MÀMÁ RAHEEM: Àìná ò nítìjú. Ẹni tó bí i ò kọ́ ọ.

Àwọn tó fẹ́ wọkọ̀ Ọ̀wọ̀ ti ń na ọrùn wo inú ṣọ́ọ̀bù. Níyì tajú kán rí iṣu kan tó yọrí nínú báàgì obìnrin náà, ọgbọ́n kan sì sọ sí i lọ́kàn.

NÍYÌ: Iṣu yín, mà, níbo lẹ ń kó o sí?

MÀMÁ RAHEEM: Kí ló kàn ọ́ nínú iṣu? Ó wà ní abà lóko.

NÍYÌ: Gbogbo ẹ̀?

MÀMÁ RAHEEM: Ṣé orí mi dàrú ni? Tí odò bá kún, ta ló fẹ́ dé oko? Mo máa ń kó mẹ́ta, mẹ́rin sí ìdí ààrò. Kí òjò rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, màá sè, màá jẹ.

NÍYÌ: Ọpẹ́ o. Oko yẹn ni kíláòdù. Odò tó kún ni àìsí nẹ́tíwọọkì. Ìdí ààrò ni ọ́fúláìnì.

Màmá Raheem gbé fóònù sókè. Ó wo fóònù, ó wo Níyì.

MÀMÁ RAHEEM: Ìwọ wá kó gbogbo iṣu mi lọ sóko.

NÍYÌ: Fóònù yín ló kún, mà. Mo ní kó lè mí ni.

MÀMÁ RAHEEM: O gbá ìdí ààrò mi tónítóní, o ò ṣẹ́ ẹyọ kan kù.

NÍYÌ: Bẹ́ẹ̀ ni, mà.

MÀMÁ RAHEEM: Ọjọ́ tí wọ́n kọ́ yín ní ìdí ààrò, o ò lọ kíláàsì.

Níyì na ọwọ́. Ó gba fóònù, ó fi nẹ́tíwọọkì tirẹ̀ bọ́ ọ. Róbótó yọ, ó ń yí, ó ń yí, àwọn méjèèjì tẹjú mọ́ ọn bí ẹní ń ṣọ́ àkàrà lórí iná. Lójijì ó dúró. Bàbá Raheem jáde: ó gbá iṣu kan tó tó ọmọ ọdún méjì mọ́ àyà, ó la ẹnu gbàgà, eyín iwájú kan kò sí. Inú Màmá Raheem dùn, ó sì dùn ún. 

MÀMÁ RAHEEM: Mo ní kó gbé iṣu náà sílẹ̀ kó tó kán an lẹ́yìn. Ohun tó pa á lẹ́rìn-ín nìyẹn.

NÍYÌ: Ó ti wà nídìí ààrò báyìí. Ẹ wò ó, mo pa nẹ́tíwọọkì. Ó ṣì wà, àbí?

MÀMÁ RAHEEM: Ó wà. Èyí tó wà lókè ńkọ́?

NÍYÌ: Òun náà wà níbẹ̀. Tí fóònù bá jábọ́ sódò, tòkè ò ní sọnù. Ẹ jẹ́ kí n dá àpò kan sílẹ̀ nínú fóònù fún un, kí n kọ orúkọ Yèyé sí i, kẹ́ ẹ lè tètè rí i. Kí lorúkọ wọn?

MÀMÁ RAHEEM: Yèyé.

NÍYÌ: Orúkọ wọn gan-an, mà.

MÀMÁ RAHEEM: Ìyàwó kì í dárúkọ ìyá ọkọ. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn, Yèyé ni gbogbo ilé ń pè wọ́n. Tí òmíràn bá wà, wọn ò sọ ọ́ sí mi létí rí. (*Ó tú báàgì.*) Káàdì ọsibítù wọn rèé. Bá mi kà á, gíláàsì mi wà nílé.

Níyì kà á. Ó tún un kà. Ó fọwọ́ bo ẹnu.

MÀMÁ RAHEEM: Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?

NÍYÌ: Ẹ kọ́kọ́ jókòó, mà.

MÀMÁ RAHEEM: Mo ti jókòó.

NÍYÌ: Àìná.

Nínú gáréèjì, awakọ̀ Epinmi ń tẹ fèrè.

MÀMÁ RAHEEM: Ẹni tí mo pè lólè.

NÍYÌ: Olè ọ̀sán gangan, mà.

MÀMÁ RAHEEM: Tí mo ní kò nítìjú.

NÍYÌ: Gbogbo gáréèjì ló gbọ́.

Màmá Raheem yọ iṣu inú báàgì, ó gbé e kalẹ̀ síwájú Níyì. Ó di fóònù mú ṣinṣin, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó padà, ó wo páànù lókè, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

MÀMÁ RAHEEM: Ẹ̀rín yẹn, tiwọn ni, màá gbé e fún wọn. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo sọ láàárọ̀ yìí, Ẹnjiníà, mo bẹ̀ ọ́, ìdí ààrò ni kó o fi sí. Má gbé e lọ sókè. Ọmọ wọn wà níbẹ̀.