Àṣẹ Tuntun Lórí Ajá, Oòrùn Ọ̀sán àti Títì Ọlọ́dà

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Asúnmọ́gbó, tilé toko, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń fọ ẹnu, kó tu omi nù. Ẹni tó ń jà, kó dáwọ́ dúró díẹ̀. Yóò padà sí i. Kábíyèsí kí yín. Ìgbìmọ̀ ìlú kí yín. Àwọn ajá ìlú náà kí yín, àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò bó.

Àṣẹ tuntun dé. Àṣẹ náà le.

Àṣẹ kìíní: Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ajá jáde rìn nígbà tí oòrùn bá wà ní àtàrí. Àárọ̀ kùtùkùtù ni. Ìrọ̀lẹ́ ni. Akéde tún un sọ: àárọ̀ kùtùkùtù, ìrọ̀lẹ́! Ọ̀sán kì í ṣe ti ajá. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí, ọ̀sán kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, àfi aláǹgbá.

Ẹ ó béèrè pé kí ló dé. Ìlú yìí kì í gba àṣẹ láìgbọ́ ìdí rẹ̀. Ìdí rẹ̀ rèé.

Ẹ mọ Bàbá Ọdẹ́tọ́lá, asọ́gbó tó ti fẹ̀yìntì, tí ilé rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ títì tuntun. Ẹ mọ Bàbá Adégẹ̀ẹ́ télọ̀, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá igi odán ní òkè títì kan náà. Ẹ mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ni wọ́n láti kékeré. Ẹ sì mọ̀ pé wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, nítorí ọmọ ayò kan ṣoṣo.

Ọmọ ayò náà sọnù níbi tí wọ́n ti ń ta á. Adégẹ̀ẹ́ wo ojú ọpọ́n, ó wo ọwọ́ Ọdẹ́tọ́lá, ó ní àwọn kan wà tí wọ́n máa ń fi ọmọ ayò pamọ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Kò dárúkọ. Ẹni méjì péré ló wà nídìí ọpọ́n.

Ọdẹ́tọ́lá dìde, ó gbọn ìdí ṣòkòtò rẹ̀, ó lọ sílé. Nígbà tó tún yọ, ajá ló fà lọ́wọ́, ọmọ ajá pupa kékeré, elétí gbọọrọ. Orúkọ tó sọ ọ́ ni Ojúòtìwọ́n.

Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá dùn, tí kò fẹ́ jà, ajá ni yóò rà, yóò sì fi ọ̀rọ̀ náà sọ ajá lórúkọ. Bó bá ti ń pe ajá, ó ń bá aládùúgbò wí. Bí aládùúgbò bá bínú, yóò ní ajá òun lòun pè. Nínú agbo ilé akéde nìkan, àwọn ajá kan wà tí orúkọ wọn tó ẹjọ́ kóòtù.

Ṣùgbọ́n irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kò wúlò bí kò bá dé etí ẹni tí a torí rẹ̀ sọ ọ́. Láàárọ̀, Adégẹ̀ẹ́ ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù, ariwo maṣíìnì kì í jẹ́ kó gbọ́ nǹkan kan. Láti ìgbà tí ayò ti tú ká, ìrọ̀lẹ́ kì í bá a níta mọ́. Ọ̀sán gangan nìkan ló máa ń jáde síbi odán láti gba atẹ́gùn. Nítorí náà, ọ̀sán gangan ni Ọdẹ́tọ́lá yàn fún ìrìn ajá.

Ẹ wo ọgbọ́n! Ẹ wo òmùgọ̀!

Lójoojúmọ́, àgbàlagbà náà yóò wọ bàtà aláwọ, yóò dé fìlà abetí-ajá, yóò mu omi dáadáa kó tó jáde. Òun mu omi. Ajá kò mu. Òun wọ bàtà. Ajá kò wọ̀. Títì tuntun náà dúdú bí ìdí ìkòkò, ọ̀dà rẹ̀ ń yọ́ bí òrí. Ajá ń gbé ẹsẹ̀ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń jó. Ọdẹ́tọ́lá sọ fún aya rẹ̀, Ìyá Dúrósinmi, pé ajá òun mọ ijó. Obìnrin náà gbé ẹsẹ̀ ajá wò. Ó ní ijó yìí, iná ni onílù rẹ̀. Ó ní kó dúró di ìrọ̀lẹ́. Ọdẹ́tọ́lá ní bó bá di ìrọ̀lẹ́, ta ni yóò gbọ́?

Ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ta ni yóò gbọ́.

Àṣẹ kejì: Kí olúkúlùkù tó mú ajá gun títì, kó kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ lé ọ̀dà, kó sì máa kí ọ̀dà bí ẹni tó ń kí àgbà. Kó béèrè ilé. Kó béèrè ọmọ. Kó béèrè iṣẹ́. Bó bá kí i tán láìfa ọwọ́ yọ, ajá lè rìn. Bó bá fa ọwọ́ yọ kó tó dé orí ọmọ, kó dá ajá padà sílé. Ẹ má ṣe yára kíni. Ìgbìmọ̀ ti mọ àwọn tó máa ń yára kíni nílùú yìí.

Àṣẹ kẹta: Omi! Ajá kì í làágùn bí ènìyàn. Ahọ́n tó ń yọ síta yẹn ló fi ń tu ara rẹ̀ lára. Ẹni tó bá mú ajá jáde, kó mú omi ajá dání, pẹ̀lú igbá tí ajá yóò fi mu ún. Igbá ajá ni kó jẹ́. Ẹjọ́ abọ́ ọbẹ̀ ti pọ̀ jù láàfin.

Àṣẹ kẹrin: Ẹ má fi ajá sílẹ̀ nínú mọ́tò tí ẹ ti ti gíláàsì rẹ̀ pa. Ẹ ó ní ẹ kàn fẹ́ ra búrẹ́dì kíá ni. Búrẹ́dì kì í yá nílùú yìí. Ẹ ó kí aláta, ẹ ó kí ẹlẹ́ran, ẹ ó kí oníbúrẹ́dì. Ajá á ti di ẹran yíyan.

Àṣẹ karùn-ún: Àwọn ajá onímú pẹlẹbẹ tí àwọn ọmọ yín mú bọ̀ láti Èkó, àwọn tó ń hanrun láìtíì sùn, ooru tètè ń mú wọn. Kí wọ́n jókòó sí ibòji. Ẹ má fi wọ́n yangàn lọ́jà.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, oòrùn mú débi pé aláǹgbá gan-an wọlé. Ọdẹ́tọ́lá fa Ojúòtìwọ́n jáde. Ajá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò fẹ́ lọ. Ó fà á. Wọ́n dé iwájú odán. Adégẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ra. Ọdẹ́tọ́lá gbé ohùn sókè, ó pe ajá. Ajá kò bọ̀. Ó tún pè é. Okùn wúwo lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wẹ̀yìn.

Ajá ti ṣubú lórí ọ̀dà. Ahọ́n rẹ̀ pọ́n bí ata. Ìhà rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Lẹ́yìn náà, kò fi bẹ́ẹ̀ lọ sókè mọ́.

Ará ìlú, ọkùnrin yìí ṣọ́ igbó títí ó fi fẹ̀yìntì. Ó ti bá ẹfọ̀n pàdé. Ó ti bá ejò sùn láìmọ̀. Ẹ̀rù kò bà á. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹ̀rù bà á. Ó rántí ẹni tó ń sùn sí ẹsẹ̀ ibùsùn òun. Ó rántí pé láti ìgbà tí ayò ti tú ká, kò sẹ́ni tó ń bá òun jókòó nírọ̀lẹ́ bí kò ṣe ajá yìí. Ó kúnlẹ̀ sórí ọ̀dà. Ọ̀dà jó o lórúnkún. Ìgbà yẹn ló tó mọ ohun tí ajá ti mọ̀ tipẹ́.

Ó ń pè é. Kò sí èébú nínú ohùn náà mọ́. “Ojúòtìwọ́n, dákun. Ojúòtìwọ́n, má kú.”

Adégẹ̀ẹ́ gbọ́. Ó ti ń gbọ́ orúkọ náà láti ọjọ́ tí ajá ti dé, inú sì ń bí i. Lọ́jọ́ yìí, ó ju abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, ó sáré. Adégẹ̀ẹ́ tó ní ẹsẹ̀ ń dun òun nígbà tí a ń gbẹ́ gọ́tà, ó sáré. Ìgbìmọ̀ ti gbọ́. Ó gbé ajá lórí, Ọdẹ́tọ́lá gbé e nídìí, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ odán. Adégẹ̀ẹ́ bu omi inú àmù tó fi ń mu, ó ń dà á sí i ní ikùn, ní abẹ́ apá, ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ọdẹ́tọ́lá fẹ́ sáré lọ ra yìnyín. Adégẹ̀ẹ́ ní kó jókòó. Ó ní omi tó tutù níwọ̀nba ni, yìnyín yóò tún dá kún un. Ó ní kó mú abẹ̀bẹ̀. Ọdẹ́tọ́lá mú abẹ̀bẹ̀ ọ̀tá rẹ̀, ó ń fi fẹ́ ajá.

Omi àmù tán. Ajá kò mira.

Adégẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ẹnu sí etí ajá. Orúkọ kan ṣoṣo ni ajá náà mọ̀. Òun ni Adégẹ̀ẹ́ náà pè. “Ojúòtìwọ́n, dìde. Bàbá rẹ ń sunkún.”

Etí kan mì. Ojú kan là. Ìrù gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Dókítà fi oògùn sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi aṣọ dì í, ó ní yóò yè. Lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ ajá wà lórí itan Ọdẹ́tọ́lá, orí rẹ̀ wà lórí itan Adégẹ̀ẹ́.

Ìjìyà kàn! Ẹ fetí sílẹ̀! Ẹni tó bá rú òfin yìí, a ó gbé kóòtù òtútù Olóyè Ọ̀tún wọ̀ ọ́, onírun tó mú bọ̀ láti ìlú òyìnbó. A ó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. A ó so okùn mọ́ ọn níbàdí. Aládùúgbò tí kò fẹ́ràn jù ni yóò fà á lọ lórí títì lọ́sàn-án gangan, láti ọjà dé ilé ìfìwéránṣẹ́, yóò sì máa pè é ní orúkọ tó bá wù ú. Bó bá bẹ̀bẹ̀ fún omi, a ó sọ fún un pé ó kù díẹ̀ ká délé. Ajá rẹ̀ yóò jókòó sí ibòji, yóò máa wò ó.

Kò sí ẹ̀bẹ̀! Kò sí “mi ò mọ̀”! Akéde ti sọ ọ́.

Àṣẹ tó kẹ́yìn dá lórí orúkọ. Ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ ní kí wọ́n pa orúkọ ajá náà dà. Wọ́n pè é ní Àlàáfíà, kò wòkè. Wọ́n pè é ní Ìrẹ́pọ̀, ó sùn. Olóyè Ọ̀tún fi orúkọ ara rẹ̀ pè é. Ajá dìde, ó jáde. Ni Kábíyèsí bá ní kí orúkọ àkọ́kọ́ dúró. Ṣùgbọ́n Bàbá Adégẹ̀ẹ́ ni yóò máa pè é, nírọ̀lẹ́, nígbà tí ọ̀dà bá ti tutù. Bàbá Ọdẹ́tọ́lá ni yóò máa gbé igbá omi tẹ̀ lé wọn.

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lánàá. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n gbé ọpọ́n ayò síta. Ọmọ ayò tó sọnù, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wá a mọ́. Ìyẹn náà jẹ́ àṣẹ. Òkúta kékeré kan ti wà nípò rẹ̀. Ajá sùn sáàárín wọn.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ “Ojúòtìwọ́n” nírọ̀lẹ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bínú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti fèrèsé. Ajá ni wọ́n ń pè. Lọ́tẹ̀ yìí, ajá ni wọ́n ń pè lóòótọ́.

Bí wọ́n ṣe rán akéde nìyí. Kò bù kún un, kò bù kúrò níbẹ̀. Oòrùn ti ń gòkè. Akéde ń wá ibòji lọ. Ẹ gbọ́ o! Ẹni tó gbọ́, kó sọ fún ajá rẹ̀!