Áàpù Ìgbín Òkè-Àfọ̀n: Àṣẹ Lórí Àwọn Tí Yóò Ṣe É

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Onílé, ẹ gbọ́! Àlejò, ẹ gbọ́! Ẹni tó ń la igi, ẹ gbé àáké sílẹ̀ ná! Ẹni tó ń jẹun, ẹ máa jẹ ẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹ má fọ́ egungun mọ́ mi lẹ́nu!

Èmi Ládokùn akéde ni mò ń ké. Baálẹ̀ Òkè-Àfọ̀n ló rán mi. Ó ní kí n kí yín kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ kú ìtọ́jú ìgbín o.

Ọ̀rọ̀ áàpù ni! Ọ̀rọ̀ áàpù náà ni! Ẹ má sá wọlé!

Ẹ kò gbàgbé ilé-iṣẹ́ oníkọ̀ǹpútà tó wá lọ́dún tó kọjá. Wọ́n wọ kóòtù nínú oòrùn. Wọ́n ní àwọn máa ṣe áàpù tí ẹgbẹ́ olùsìn-ìgbín wa yóò fi máa ta ìgbín fún àwọn ará ìlú ńlá láìdìde lórí àga. A pàtẹ́wọ́. A ṣàdúrà fún wọn. Áàpù dé. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi wá ni pé ọmọ mélòó la bí! Háà! Ẹ̀yin ará ìlú, a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ! Màmá Ọ̀jẹ́wùmí, tó dàgbà jù nínú ẹgbẹ́ náà, kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n pọ̀, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Áàpù ní ìdáhùn náà kò tọ̀nà. Ó ní kí Màmá gbìyànjú sí i. Sí i báwo? Ní ọjọ́ orí Màmá?

Kò sẹ́ni tó kọjá ìbéèrè yẹn. Àwọn oníbàárà ń béèrè ìgbín, a ò mọ̀. Ìgbín wà nínú àpò títí ó fi sú wọn, wọ́n jáde, wọ́n gun ògiri ilé Baálẹ̀. A pe ilé-iṣẹ́ náà. Fóònù wọn ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e.

Ìgbà náà ni Baálẹ̀ pàṣẹ pé kí èmi Ládokùn máa ṣe iṣẹ́ áàpù náà ná. Èmi! Ẹ̀yin náà kúkú ń rí mi. Ẹni tó bá fẹ́ ra ìgbín, èmi ni. Ẹni tó bá fẹ́ tà, èmi ni. Bí mo bá dúró mí díẹ̀ lábẹ́ igi, ẹ ó ní nẹ́tíwọ̀kì ti lọ. Àwọn kan nínú yín tiẹ̀ ń fìka tẹ̀ mí níkùn! Àṣàbí ìyàwó mi ní mo ti ń kéde ìgbín lójú oorun. Ó ní bí áàpù tòótọ́ kò bá dé kí a tó jẹ iṣu tuntun, òun yóò padà sílé bàbá òun, kí n máa bá ìgbín gbé. Kò rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. Ẹ̀rù sì ń bà mí.

Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ mìíràn là ń wá. Lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, wọn yóò jáde síwájú wa, gbogbo ìlú ni yóò sì yàn. Àṣẹ rèé o! Àṣẹ rèé!

Àṣẹ kìn-ín-ní! Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yan ilé-iṣẹ́ nítorí kóòtù! Tàbí nítorí lọ́fínńdà! Àgbàlagbà tó bá pàtẹ́wọ́ fún gẹ̀ẹ́sì tí kò yé e, yóò túmọ̀ rẹ̀ fún ìlú lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá lè túmọ̀ rẹ̀, yóò máa gbá ilẹ̀ ọgbà ìgbín títí òjò yóò fi dá. Bàbá Ọ̀tún, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mò ń jẹ́.

Àṣẹ kejì! Kí ilé-iṣẹ́ má gbé àwòrán ohun tí yóò ṣe wá! Ohun tó ti ṣe rí ni kó gbé wá! Kó dárúkọ ìlú tó ti ṣe é fún. A ó ránṣẹ́ lọ síbẹ̀, a ó wádìí rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fi ọmọ fọ́kọ. Ẹni tó bá ní àṣírí ni gbogbo iṣẹ́ òun, kó gbé àṣírí rẹ̀ padà sílé.

Àṣẹ kẹta! Baálẹ̀ yóò bi wọ́n bóyá áàpù lè mú kí ìgbín yára rìn. Èyí tó bá ní ó ṣeé ṣe, ẹ lé e! Ẹ lé e dé ìdí afárá! Èyí tó bá ní rárá, Baálẹ̀, kò ṣeé ṣe, ẹ bu omi tútù fún un. Àṣírí ni àṣẹ kẹta yìí o. Baálẹ̀ ní kí n pariwo rẹ̀ dáadáa, kí gbogbo ìlú lè pa á mọ́.

Àṣẹ kẹrin! Áàpù kò gbọdọ̀ ka ọmọ! Kò gbọdọ̀ ka ọmọ! Bó bá fẹ́ mọ̀, kó kí wa, kó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ, kó sì dákẹ́.

Àṣẹ karùn-ún! Màmá Ọ̀jẹ́wùmí ni yóò dán an wò. Ọwọ́ Màmá nìkan ni fóònù yóò wà. Bí Màmá bá ta apẹ̀rẹ̀ ìgbín kan láìpe ẹnikẹ́ni, ilé-iṣẹ́ náà yege. Bí Màmá bá pòṣé, kí wọ́n máa di ẹrù wọn. Ọmọ-ọmọ tó bá nàka síbi tí Màmá yóò tẹ̀, kò ní fẹnu kan ìgbín títí di ọdún tó ń bọ̀. Omi ọbẹ̀ rẹ̀ pàápàá, kò ní tọ́ ọ wò!

Kẹfà! Ẹni tó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n tó mọ kọ̀ǹpútà, kó fi í pamọ́! Kíkó fíìmù sínú fóònù kọ́ là ń wí. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹbí rẹ̀ há wa lọ́rùn, òun àti ẹbí náà ni yóò fọ ògiri Baálẹ̀ tí ìgbín gùn. Ojú ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣì ń dán níbẹ̀.

Keje! Bí áàpù bá bàjẹ́, ta ni yóò wá? Ta ni yóò wá? Gbogbo wọn ni kẹ́ ẹ bi ní ìbéèrè yìí! Kí wọ́n má sọ fún wa pé àwọn ní ẹ̀ka tó ń bójú tó o. Orúkọ èèyàn là ń fẹ́. Orúkọ bàbá rẹ̀ náà. Ká pè é lórí fóònù lójú gbogbo ìlú, kó sì gbé e.

Àṣẹ kẹjọ, èyí tó kẹ́yìn! Akéde kò gbọdọ̀ ṣègbè! Akéde tó bá yin ilé-iṣẹ́ kan ju èkejì lọ, yóò gbé ìgbín ńláńlá méjìlá lọ sílé Baálẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìtanràn.

Àṣẹ Baálẹ̀ parí síbẹ̀ o.

Èyí tó kù yìí, ẹnu ara mi ni mo fi ń sọ ọ́. Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ló ti ránṣẹ́. Ọ̀kan fi ìwé tó ń dán gbinrin ránṣẹ́. Èkejì fi kàlẹ́ńdà ránṣẹ́, àwòrán ọ̀gá wọn ló wà nínú oṣù kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kẹta rán ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Fadékẹ́mi, kò sì gbé nǹkan kan dání. Ó ní òun kò tíì mọ ohun tí òun máa ṣe, kí n jẹ́ kí òun tẹ̀ lé mi kiri ná.

Ó tẹ̀ lé mi láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Ó bá mi ru àpò ìgbín. Ó bi mí ìdí tí mo fi ń kí ilé tán kí n tó dárúkọ ọjà. Ó bi mí ohun tí mo máa ń ṣe bí oníbàárà bá yí ọkàn padà. Ó jókòó ti Màmá Ọ̀jẹ́wùmí, kò já fóònù gbà, ó kàn ń wo ibi tí ọwọ́ Màmá ń lọ. Nígbà tó bọ́ bàtà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó. Ó ní, ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá, ṣé gbogbo ọ̀nà yìí lẹ ń rìn lójoojúmọ́? Ẹ̀yin ará ìlú, láti ọjọ́ tí mo ti di áàpù, kò sí ẹni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Omi bọ́ lójú mi. N kò tijú láti sọ ọ́.

Baálẹ̀, mo mọ òfin. Ìgbín méjìlá ló wà nínú apẹ̀rẹ̀ tí mo rù yìí. Àṣàbí fúnra rẹ̀ ló ṣà wọ́n fún mi, àwọn tó tóbi jù nínú ọgbà rẹ̀.

Ó dọjọ́ ọjà o! Etí tó gbọ́, kó lọ wá etí tí kò gbọ́! Ẹnu Baálẹ̀ ni mo fi sọ gbogbo rẹ̀, àfi ibi tí mo ti san ìgbín!