Inú Yín Dùn Láti Rí Mi

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá, bí wọ́n bá ní kí ọmọdé wá dá a, á ní òun fẹ́ lọ sùn. Bíríkìlà ló pe káfíńtà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, lẹ́jọ́. Ó wọ aṣọ tó lọ̀ títí tó fi gan, ó sì fajú ro.

"Kábíyèsí, káfíńtà ti sọ mí lórúkọ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ kí ìyá àfẹ́sọ́nà mi, òun ló sìn mí lọ. Mo fẹ́ sọ pé, 'Inú mi dùn láti rí yín, mà.' Ọ̀rọ̀ bá lọ́ mọ́ mi lẹ́nu."

Ọba ní, "Kí lo wá sọ?"

Bíríkìlà wolẹ̀. "Mo ní, 'Inú yín dùn láti rí mi, mà.'"

Ìjòyè kan sáré fi abẹ̀bẹ̀ bojú.

"Látọjọ́ náà, Inú-yín-dùn ló ń pè mí níbi iṣẹ́. Oṣù márùn-ún rèé, ojú ò jẹ́ kí n dé ilé ìyá yẹn mọ́. Àfẹ́sọ́nà mi ní òun ò lè fẹ́ ẹni tó ń sá fún ìyá òun."

Káfíńtà dìde. "Kábíyèsí, ìfẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ tó dùn tó báyìí jábọ́ lẹ́nu ọ̀rẹ́ mi, ṣé kí n wá jẹ́ kó sọnù ni? Mò ń bá a tọ́jú ẹ̀ ni."

"Ní gbangba?"

"Kí gbogbo wa lè jọ máa ṣọ́ ọ."

Pẹ́ńtà, ẹlẹ́rìí káfíńtà, búra pé òun ò gbọ́ orúkọ yẹn rí.

"Kí nìwọ wá ń pè é?"

"Èmi? Inú-yín-dùn ni."

Wọ́n pe ìyá àfẹ́sọ́nà.

"Kábíyèsí, ọmọ yìí ò ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Inú mi dùn lóòótọ́ lọ́jọ́ náà, àfi pé kò jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo ń se oúnjẹ dè é."

Bíríkìlà ń wá ilẹ̀ tí yóò wọ̀. Ó ti fi oṣù márùn-ún sá fún ẹni tí kò lé e.

Ọba fojú ẹ̀gàn wò wọ́n látòkè délẹ̀. "Àgbààyà méjì. Káfíńtà, ogójì ọjọ́ gbáko, àràárọ̀ ni wàá lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn bíríkìlà, wàá káwọ́ sẹ́yìn, wàá ní, 'Inú mi dùn láti rí ẹ.' Bíríkìlà, wàá dúró gbọ́ ọ tán. Bí ẹnì kan nínú yín bá rẹ́rìn-ín, ẹ tún ọjọ́ kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ìgbéyàwó títí ogójì ọjọ́ yóò fi pé."

Láàárọ̀ yìí, káfíńtà dé. Ó káwọ́ sẹ́yìn, ó sọ ọ́, kò rẹ́rìn-ín rárá. Bíríkìlà ló bú sẹ́rìn-ín.

Àfẹ́sọ́nà rẹ̀, tó wá dúró ti ògiri láti bá wọn ka ọjọ́, pòṣé.

"Òdo," ló wí, ó sì gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ.