Páìpù Lexus Nídìí Camry

Lánàá ni wọ́n gbé ẹjọ́ páìpù dé ààfin Ọba àwa Yorùbá ní Garki. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ààfin yẹn tàn yín o, pálọ̀ fúláàtì oníyàrá mẹ́ta ni, ṣùgbọ́n Kábíyèsí ni Kábíyèsí ń jẹ́. Hezekiah, òṣìṣẹ́ báńkì, ló pe Jàbárù, mẹkáníìkì Utako, lẹ́jọ́. Ìdí ni pé Kíkẹ́olúwa tó fẹ́ fi ṣaya lóṣù tó ń bọ̀ ti fẹ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Hezekiah fẹ́ kí Camry rẹ̀ máa sáré, kó sì máa bú ramúramù. Jàbárù bá a wá páìpù èéfín tí wọ́n ṣe fún Lexus, ó jó o mọ́ ọn nídìí. Páìpù gùn jù, ó yọ sẹ́yìn ní ìgbọ̀nwọ́ kan. Lọ́jọ́ Àìkú, Hezekiah gbé mọ́tò náà lọ kí àna rẹ̀ ní Kubwa, kò tilẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Níbi tó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́yìn mọ́tò, bàbá Kíkẹ́olúwa sún sẹ́yìn kó lè súre fún un, ni páìpù gbígbóná bá dá agbádá bàbá lu. Bàbá ní ẹni tó dáná sun aṣọ òun kò ní fẹ́ ọmọ òun. Òun náà ló jókòó sí kọ̀rọ̀ lánàá yẹn, tó fajú ro.

Kábíyèsí bi Jàbárù pé kí ló rí sọ.

"Kábíyèsí, ọmọ ìyá ni Lexus àti Camry. Lexus lẹ̀gbọ́n. Nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, aṣọ ẹ̀gbọ́n ni àbúrò ń wọ̀."

"Tó bá gùn jù ńkọ́?"

"A ó ká a sókè ni."

"Kí ló dé tí o kò ká páìpù sókè?"

"Irin ni, Kábíyèsí."

Jàbárù búra pé òun wọn páìpù náà dáadáa kí òun tó jó o. Ó pe Saeed, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, kó wá jẹ́rìí.

"Òótọ́ ni, ojú ló fi wọ̀n ọ́n," ni Saeed wí. "Ṣùgbọ́n mọ́tò náà ń sáré. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé e lọ òde ìgbéyàwó."

"Mọ́tò oníbàárà?"

"Mo ń dán an wò ni, Kábíyèsí."

Inú bí Hezekiah, ṣùgbọ́n Kábíyèsí yíjú sí òun náà, ó ní kí ló fẹ́ fi ariwo mọ́tò ṣe. Hezekiah dorí kodò. Ó ní kí Kíkẹ́olúwa lè mọ̀ pé òun ti wọ àdúgbò ni. Àwọn ìjòyè béèrè bóyá fóònù rẹ̀ ti bàjẹ́.

"Yauwa, ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Kábíyèsí wí. "Ẹbí lẹbí ń jẹ́. Saeed, bọ́ ẹ̀wù rẹ. Jàbárù, wọ̀ ọ́."

Saeed tẹ́ẹ́rẹ́, Jàbárù sì sanra bí àpò ìrẹsì. Ẹ̀wù há sí i lórí, apá kan wọlé, èkejì kọ̀. Inú ẹ̀wù ló ti ń sọ pé kò gba òun.

"Kò lè ṣàì gbà ọ́, ìyá kan náà ló bí yín," ni Kábíyèsí wí. "Òun ni wàá máa wọ̀ ṣiṣẹ́ ní Utako títí wàá fi tú páìpù yẹn, tí wàá sì rán agbádá tuntun fún bàbá."

Bàbá Kíkẹ́olúwa fẹ́ pa ẹ̀rín mọ́ra, kò ṣeé ṣe. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Hezekiah sáré dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́, bàbá sì ní òun ti gbọ́, òun fún un lọ́mọ.

"Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìgbéyàwó," ni bàbá wí, "kí ọkọ wọ bọ́ọ̀sì wá."