Kéèkì Tí Ọ̀gá Philip Fi Ń Wá Ìyàwó

Kérésìmesì ku ọ̀túnla, lọ́dún 1987 tí fùláwà di ohun tí à ń fi àtùpà wá, nígbà tí Dorcas gbé iṣu ọdún wọ àgbàlá àbúrò rẹ̀ ní Ìdó-Ilé. Àbúrò náà ni Philip Dúrótoyè, ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì, tí ìyàwó rẹ̀ sì ti kú láti bí ọdún mẹ́fà. Agbọ̀n tuntun kan ni Dorcas kọ́kọ́ rí, lórí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, tó ń kán omi tó, tó, tó.

"Filípì! Ta ló fọ agbọ̀n sá sórí okùn?"

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni."

"Kí ni agbọ̀n ọ̀hún ṣe fún ọ?"

"Kéèkì ni mo ń ṣe."

Dorcas wo agbọ̀n, ó wo àbúrò rẹ̀. Fùláwà ti kun irùngbọ̀n Philip títí dé ìpéǹpéjú, ó dà bí ẹni tí wọ́n tì sínú àpò ẹfun. Dorcas sọ iṣu kalẹ̀, ó fa àpótí, ó jókòó. Ó rí i pé nǹkan tó wà nílẹ̀ yìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ìdúró wò.

"Kéèkì wo ni wọ́n ń fi agbọ̀n ṣe?"

"Ẹ̀gbọ́n, ohun tí èèyàn ò bá mọ̀, bíbéèrè ni. Bùnmi ọmọ mi ló kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ránṣẹ́ láti Àkúrẹ́." Philip ti gíláàsì rẹ̀ sókè, ó na ìwé síwájú bí ìgbà tó bá ń ka orúkọ lórí ìlà àárọ̀. "Ó ní: 'Ẹ mú agbọ̀n kan, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ rin ín, kí ẹ dà á sí i.' Mo ti mú un. Mo ti fọ̀ ọ́. Mo ti fi omi rin ín dáadáa. 'Kí ẹ dà á sí i' yìí nìkan ló ṣì ń rú mi lójú díẹ̀."

"Ó ń rú ọ lójú díẹ̀."

"Díẹ̀."

"Àgbọn ni, Filípì! Àgbọn tí à ń jẹ! Kí o fọ́ ọ, kí o rin ín, kí o dà á sínú fùláwà!"

"Ṣé ẹ̀yin náà ti ń kàwé ni?"

"N ò kàwé. Àmọ́ mo ti jẹ àgbọn rí."

Philip gbé ìwé súnmọ́ imú. "Bùnmi ni ò fi àmì ohùn sí i. Bó ṣe kọ ọ́ yìí, ó lè jẹ́ agbọ̀n, ó lè jẹ́ àgbọn, ó tilẹ̀ lè jẹ́ àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ẹnu yìí."

"Ó tún lè jẹ́ agbọ́n tó ń ta èèyàn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa pé o ò lọ ká ulé agbọ́n wá fọ̀."

"Ilé ni, ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe ulé."

"Ìwọ tí o fọ agbọ̀n lò ń tún ẹnu mi ṣe? Ta ló kọ́ Bùnmi ní ìwé kíkọ ná?"

Philip ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tó rí i pé ẹ̀gbọ́n òun kò gbójú kúrò, ó ní, "Èmi ni."

"Hẹn-ẹn. Máa bá iṣẹ́ rẹ lọ."

Dorcas yọjú sínú ọpọ́n tó wà níwájú rẹ̀. Ẹyin mẹ́fà ló jókòó sínú fùláwà, odindi, wọ́n ń dán bí bàtà ọlọ́pàá. Ó gbé imú sí i.

"Ẹyin yìí ń ta sánsán ọṣẹ."

"Ọṣẹ òyìnbó ni. N ò jẹ́ fi ọṣẹ dúdú fọ ohun tí ọmọlúwàbí máa jẹ."

"Ìwé ló ní kí o fọ ẹyin?"

"'Ẹ fọ ẹyin mẹ́fà sí i.' Ìmọ́tótó ni, ẹ̀gbọ́n. Àwọn ọ̀dọ́ òde òní mọ ìmọ́tótó."

"Èèpo ẹ̀ ńkọ́?"

"Mo rò pé iná ló ń yọ ìyẹn."

Dorcas di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. Ẹ̀rín ń bọ̀, ó ń dá a dúró, ó fẹ́ rí òpin ọ̀rọ̀ náà kó tó rẹ́rìn-ín. "Èyí tó gùn jáde láti inú ọpọ́n yìí wá ńkọ́? Ó jọ ọwọ̀ lójú mi."

"Ọwọ̀ ni. 'Ẹ fi ọwọ̀ pò ó títí yóò fi dán.' Tuntun ni, n ò tíì fi gbálẹ̀ rí."

"Yéè! Ilẹ̀ ò tíì rí i, ìfun ọmọ ọlọ́mọ ló fẹ́ kọ́kọ́ gbá! Ọwọ́ ni, Filípì. Ọwọ́! Méjèèjì tí Ọlọ́run so mọ́ ọ léjìká!"

"Bó bá jẹ́ ọwọ́ ló fẹ́ sọ, kí ló dé tí kò sọ pé ọwọ́ ta ni?"

Ẹ̀rín náà já mọ́ Dorcas lọ́wọ́. Ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ojú rẹ̀ sì bá tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ṣúgà onígun ló wà níbẹ̀, mẹ́wàá-mẹ́wàá, wọ́n tò lọ gbọọrọ bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ wọ kíláàsì.

"Àwọn wọ̀nyí ń dúró de ẹni tó máa gbàdúrà fún wọn ni?"

"Ọgọ́rùn-ún ni wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. 'Ṣúgà, ìlàjì igba.' Ẹ pín igba sí méjì, ọgọ́rùn-ún ni. Ìṣirò ni ti ìyẹn, ẹ̀gbọ́n, kò sí ẹni tó lè bá mi jiyàn nínú ìṣirò."

"Ìlàjì igbá. Igbá tí à ń fi bu omi mu."

Adìẹ kan kọjá, ó wo ọpọ́n, ó bá tirẹ̀ lọ.

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò," Philip wí, ohùn rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀.

"Níbo ni àwọn ọmọ náà wà? Kí n lè lọ bá àwọn òbí wọn kẹ́dùn." Dorcas na ìka sí ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Èwo lo wá fa igi lé yìí?"

"Ìyẹn? Àṣìṣe ọmọdé ni. Ó ní kí n da iyanrìn sínú ìkòkò ńlá. Iyanrìn! Nínú oúnjẹ!"

"Kí o sì gbé agolo kéèkì lé iyanrìn náà, kí o dé e, kí o kó ẹ̀yinná sórí ìdérí."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ojú mi ni ìyàwó pásítọ̀ ti ń ṣe é lọ́dọọdún. Áà, Filípì! Nínú gbogbo ìwé yìí, ìlà kan ṣoṣo tó o kà bó ṣe yẹ, òun lo fa igi lé!"

Philip ká ìwé, ó tì í sápò. Ó gbé ọwọ̀ nínú ọpọ́n, ó tún ń pò ó lọ. Ẹyin kan lu èkejì, ó dún kọ̀ọ́. Dorcas wò ó títí, ó sú u.

"Ta lo tilẹ̀ ń pa ara rẹ báyìí nítorí rẹ̀? Uyán àti adìẹ ni à ń gbé fún èèyàn lọ́dún. Ta ló ń fi kéèkì yó?"

"Ìyá Nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ fi ta lọ́rẹ."

"Morónkẹ́? Agbẹ̀bí Òkè-Mẹ̀sí tó ti fẹ̀yìn tì?"

"Òun ni."

"Opó tí Bánkọ́lé ará Ẹ̀fọ̀n náà ń wá? Ó dára. Mo gbọ́ pé Bánkọ́lé ti gbé bìsíkíìtì alágolo lọ síbẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú. Wọ́n ní agolo ọ̀hún tóbi, wọ́n ní àwòrán ẹṣin wà lára ẹ̀. Ìwọ wá fẹ́ gbé ẹyin oníọṣẹ lọ."

"Bánkọ́lé rà á ni."

"Kí wá ni? Ó tún ju kó wẹ agbọ̀n lọ." Dorcas dìde, ó ká apá bùbá rẹ̀ sókè. "Ó yá, kúrò níbẹ̀. Màá ṣe é fún ọ, kó tó di ọ̀sán ó ti jinná. Ìwọ kàn wẹ̀, kí o wọ agbádá, kí o gbé e lọ, kí o ní ìwọ lo ṣe é."

"Rárá."

"Rárá kẹ̀? Ṣé o fẹ́ kí Bánkọ́lé gba obìnrin yìí lọ ni?"

"Yóò bi mí, ẹ̀gbọ́n. Yóò wò mí lójú, yóò ní, ṣé ìwọ lo ṣe é? N ò lè purọ́ fún un."

"Kí ló máa bi ọ́ bẹ́ẹ̀ sí?"

Philip fi ọwọ̀ sílẹ̀. Ó ń fi ìka yọ fùláwà lábẹ́ èékánná, kò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú. "Níbi ìkórè ìjọ wọn lóṣù tó kọjá, a jọ jókòó. Mo sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún un. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Ọ̀gá Philip, mo gbẹ̀bí fún obìnrin ní ìlú mẹ́rin, mo sin ọkọ kan. Láti ọjọ́ tí mo ti ń jẹ́ obìnrin, kò sí ọkùnrin kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ se nǹkan fún mi jẹ rí. Gbogbo ẹni tó bá wọlé, ohun tí mo sè ló ń bèèrè. Ẹni tó bá sè fún mi, màá gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀.' Ohun tó sọ nìyẹn. Kò sọ pé kó dùn. Ó ní kó jẹ́ ọwọ́ ara ẹni."

Dorcas tún jókòó sórí àpótí. Ó rántí Bàbá Samson, ọkọ rẹ̀ olóògbé, èèyàn rere tí gbogbo ìlú sunkún lé. Bàbá Samson kò bu omi fún un mu rí. Lọ́jọ́ tó bí Samson gan-an, òun Dorcas náà ló fi ọwọ́ di ìdí mú, tó dìde lọ dáná oúnjẹ alẹ́. Nígbà náà, kò rò ó rárá pé ohun tí èèyàn lè bèèrè ni. Ó yí ojú sí ìdí ògiri fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó ń wá nǹkan.

Nígbà tó yíjú padà, ó ti na ìka.

"Kó ẹyin yẹn kúrò níbẹ̀. Fi omi tó mọ́ ṣàn wọ́n."

"Ẹ̀gbọ́n, mo ní n ò fẹ́ kí ẹ..."

"Ta ló fẹ́ bá ọ ṣe é? N ò ní fi ọmọ ìka kàn án. Jíjókòó ni màá jókòó, kí n máa bú ọ. Jọ̀ fùláwà yẹn. Ìwọ̀n yìí nìkan ló wà níbí títí dé Arámọkọ, bẹ́ẹ̀ sì ni pàǹtí ọwọ̀ ti kún inú ẹ̀."

Dorcas lọ tọrọ àgbọn kan nílé kejì, ó jù ú sẹ́sẹ̀ Philip, ó padà sórí àpótí rẹ̀. Philip fọ́ àgbọn, omi inú rẹ̀ dà sí i ní ṣòkòtò. Ó fọ́ ẹyin kìíní, ilẹ̀ ló gbà á.

"Ilẹ̀ ti jẹ tiẹ̀. Ọpọ́n ló kàn."

Ó fọ́ èkejì, ó bọ́ sínú ọpọ́n pẹ̀lú ìdajì èèpo.

"Yọ ọ́. Fi ìka yọ ọ́! Ọkùnrin tó nà mí lọ́mọ nítorí pé ìlà ìwé ẹ̀ wọ́, ẹ wo bó ṣe ń fọ́ ẹyin!"

"Samson ya ìwé náà ni, ẹ̀gbọ́n."

"Rin àgbọn rẹ."

Ó rin àgbọn, ó rin àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ ọn.

"Ẹ̀jẹ̀ ò sí nínú ìwé o. Àbí Bùnmi ò fàmì sí ìyẹn náà ni?"

Ó gún ṣúgà lódó, ó bu ìlàjì igbá. Ó fi ọwọ́ po ṣúgà àti bọ́tà títí apá fi ń gbọ̀n ọ́n, ó ní ó ti tó, Dorcas ní kò tó, ó ní apá òun fẹ́ yọ, Dorcas ní bó bá yọ kó fi èkejì pò ó. Ó da iyanrìn sínú ìkòkò, ó gbé agolo lé e, ó dé e, ó kó ẹ̀yinná lé ìdérí. Ìgbà mẹ́rin ló fẹ́ ṣí i wò. Ìgbà mẹ́rin náà ni Dorcas bú u kúrò nídìí iná, tó bú ìran ọkùnrin mọ́ ọn, títí kan bàbá tó bí àwọn méjèèjì.

Oòrùn ti kúrò lórí òrùlé kí wọ́n tó ṣí i. Kéèkì náà wú lápá kan, ó rì lápá kejì, ó pọ́n níbí, ó dúdú lọ́hùn-ún, ó dúró gẹ̀gẹ̀rẹ̀ bí òkè Ẹ̀fọ̀n. Philip gé etí ibi tó dúdú, ó kó o sínú àwo, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì dúró níwájú rẹ̀ bí ọmọ tó ń retí àbájáde ìdánwò.

Dorcas fi sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ lápá ọ̀tún, ó gbé e sápá òsì. Ó bu omi mu lé e. Ó tún jẹ ẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ̀rọ̀. Báwo ló ṣe rí? Ṣé kí n gbé e lọ?"

"Gbé e lọ." Dorcas yọ nǹkan kan láàárín eyín, ó wò ó, ó jù ú nù. "Bó bá jẹ ẹ́ tán lójú rẹ, tó tún sọ pé òun yóò fẹ́ ọ, má jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kí o tó mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í wá lẹ́ẹ̀mejì."