Mo Gbé Ẹran Ọlọ́kàn Mẹ́ta Délé Àna

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Yéjídé, ọmọ Oǹdó tí mo fẹ́ fi ṣaya, mú mi láti Àkúrẹ́ lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Nínú ọkọ̀ ló ti kìlọ̀ fún mi pé bí bàbá òun ò bá gbà, kò sí ìgbéyàwó, nítorí náà kí n má sọ̀rọ̀ jù. Èmi náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àfi bí ẹ̀rù bá ń bà mí.

Ẹ̀rù bà mí. Bàbá, àgbà oníṣòwò kòkó, béèrè ohun tí mò ń kọ́ ní yunifásítì. Mo ní ẹran inú òkun kan ni, ọ́kítópọ́ọ̀sì: ó lápá mẹ́jọ, kò ní eegun kankan, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dà bí aró, ọkàn mẹ́ta ló sì ní.

"Kí ìwọ má ní mẹ́ta o," ni bàbá wí. "Bó o bá fi ọ̀kan fẹ́ ọmọ mi, ta lo máa fi méjì tó kù fẹ́?"

A rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ló kó bá mi. Mo na ọwọ́ láti fi hàn bí apá kọ̀ọ̀kan ṣe ń dá ronú, ni mo bá gbá ife omi dà sí bàbá lẹ́sẹ̀. Yéjídé ń ṣẹ́jú sí mi, mo rò pé ó ń yìn mí ni. Mi ò mọ ojú rárá.

Kí n lè bo ìtìjú mi, mo sáré bọ́ sórí ọ̀rọ̀ abo ẹran náà. Mo ní bó bá ti yé ẹyin, kì í jẹun mọ́. Á jókòó tì wọ́n, á máa fẹ́ omi sí wọn lára. Bí àwọn ọmọ bá sì ti jáde, á kú.

Yéjídé gbé ife, ó wọlé lọ. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ orúkọ tí mò ń pè lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bí i ni ìyá rẹ̀ kú. Òun fúnra rẹ̀ ló ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ òun ní Yéjídé, àwòrán ìyá.

"Akọ rẹ̀ ńkọ́?" ni bàbá béèrè.

Mo wá irọ́ tì. "Òun náà kì í pẹ́ kú, sà."

"Ó sàn fún un," ni bàbá wí. "Èmi ṣì wà níbí."

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ ní Àkúrẹ́, Yéjídé béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ṣé abo yẹn máa ń rí àwọn ọmọ náà kó tó kú?"

Mo ní ó máa ń rí wọn. Ó ní ìyá òun ò rí òun. Ó gun ọ̀kadà lọ sílé rẹ̀ ní Arákalẹ̀, ó dùn mí dé egungun.

Títí dòní, bàbá ò tíì fún wa lésì. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ohun tí mò ń kọ́ báyìí, ẹja ni mo máa ń sọ, mo sì ń pa ẹnu mi dé. Ọlọ́run tó fún ẹran yẹn lọ́kàn mẹ́ta, ẹyọ kan péré ló fún èmi, ẹnu mi ló sì ṣáájú rẹ̀ délé àna. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i nígbà míràn, bó bá ku èmi nìkan.