Àmín Tí Seman Fi Kọ́ Ilé Ẹyẹ

Ẹjọ́ kan gun àtẹ̀gùn ilé Penghulu Deraman, baálẹ̀ abúlé, lánàá, tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Mak Senah ló gbé e wá, inú sì ń bí i débi pé kò rántí bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

"Tok Penghulu, ẹ gbà mí! Seman fẹ́ gba oòrùn mi!"

"Senah, rọra. Ta ló ń gba oòrùn?"

"Aládùúgbò mi yìí! Ó fẹ́ kọ́ ilé alájà mẹ́ta fún alápàáǹdẹ̀dẹ̀, ẹyẹ tí àwọn olówó ń fi ìtẹ́ rẹ̀ sebẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ àgbàlá tí mo ti ń sá ìpékeré ẹja gan-an ló fẹ́ kọ́ ọ sí! Tí òjìji bá bò ó, kí ni n ó tà? Kí ni n ó jẹ? Èyí tó bá sì rí oòrùn gbẹ, ẹyẹ á ṣu sí i!"

Òfin ìlú sọ pé kí ẹnikẹ́ni tó lọ tọrọ ìwé àṣẹ ilé, kó kọ́kọ́ fi tó gbogbo onílẹ̀ tó múlé tì í létí. Seman sì ti sọ fún ìjọba pé gbogbo wọn ti gbọ́.

Penghulu ránṣẹ́ pe Seman àti àwọn aládùúgbò. "Seman, ṣé o sọ fún un?"

Seman tún fìlà rẹ̀ dé. Kò tilẹ̀ làágùn.

"Mo sọ fún un, Tok, ó sì gbà. Níbi sàráà mi ni. Lèmọ́mù ló bá mi fi sínú àdúrà, Senah sì ṣe àmín. Àmín tiẹ̀ ló ròkè jù!"

"Èdè wo ni wọ́n fi ṣàdúrà náà?"

"Lárúbáwá ni. Ṣé èdè kan tún jù ú lọ ni?"

Òótọ́ ni pé Mak Senah ṣe àmín. Láti kékeré, ta ló ti í béèrè ohun tí wọ́n ń tọrọ kó tó ṣe àmín, pàápàá nígbà tí ọbẹ̀ ẹran bá ń ta sánsán?

Wọ́n pe Lèmọ́mù Sulong.

"Mo fi ilé ẹyẹ sí i kedere, Tok."

"Kí lẹ pe alápàáǹdẹ̀dẹ̀ lárúbáwá?"

Lèmọ́mù wúkọ́. "Mo pè wọ́n ní... àwọn tó ń fò."

"Ẹ̀fọn náà ń fò!" ni Mak Senah ké.

Awang, tó múlé ti Seman lápá kejì, dìde.

"Èmi gbọ́ gbogbo ẹ̀, Tok. Ìyá Seman tó kú ni wọ́n ṣàdúrà fún."

"Ìyá mi ò kú!" ni Seman pariwo. "Ó wà nílé, ó ń jẹun!"

"Háà! Mo mà ti ṣe àmín sí i o."

"Awang, kí lò ń tẹ́tí sí níbi sàráà yẹn gan-an?"

"Ẹran ni mo ń ṣọ́, Tok."

Penghulu yíjú sí Seman. "Lójú tìrẹ, ẹni tó bá ti ṣe àmín ti gbọ́, ó sì ti gbà?"

"Àmín kì í yẹ̀, Tok! Ẹni bá ṣe é, ó ti dè é nìyẹn."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká fi àdúrà kádìí ẹ̀, bí a ti máa ń ṣe."

Gbogbo wọn tẹ́wọ́. Seman ló kọ́kọ́ tẹ́ tiẹ̀, ó rò pé òun ti jàre. Èdè abúlé wọn ni Penghulu sọ, ṣùgbọ́n ó ń fà á bíi lèmọ́mù. Mak Senah nìkan ló panu mọ́, tó ń gbọ́ ọ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

"Ọlọ́run, jẹ́ kí Seman gbé ilé ẹyẹ rẹ̀ lọ sí òdìkejì odò."

"Àmín!" Ti Seman ròkè jù.

"Jẹ́ kó máa bá Senah sá ìpékeré láràárọ̀ títí ọdún yóò fi yípo."

"Àmín!"

"Kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún aládùúgbò, kó tó gbé ẹran síwájú wọn."

"Àmí..." Ẹnu Seman há. "Tok! Mi ò gbọ́ nǹkan tí ẹ sọ o!"

"Bẹ́ẹ̀ àmín tìrẹ ló ròkè jù," ni Penghulu wí, ó sì dìde.

Ìgbà yẹn ni Mak Senah tó ṣe tiẹ̀, jẹ́ẹ́. "Àmín."

Láàárọ̀ yìí, Seman ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní àgbàlá, ó ń yí ìpékeré lọ́kọ̀ọ̀kan, Mak Senah sì dúró tì í lórí.

"Seman, yẹra níbẹ̀ jàre! O ń dí oòrùn mi!"